Mo ti dé ẹnu ọ̀nà ìpàdé àwọn tó ń jáwọ́ nínú ọtí lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè wọlé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 38 ni mí. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mi ò lè sùn láìmu ọtí. Dókítà tó yẹ ẹ̀dọ̀ mi wò ní kí n wá ẹgbẹ́ àwọn tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ láti jáwọ́ nínú ọtí. Mo rí ọ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo jókòó sínú ọkọ̀ títí ìpàdé fi parí, tí mo sì wakọ̀ padà sílé. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣé wọ́n á ní kí n dìde kí n sọ tẹnu mi ni? Tí ẹni tó mọ̀ mí bá wà níbẹ̀ ńkọ́? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá ẹgbẹ́ náà dáa? Ìyàwó mi ò tíì mọ̀ pé mo kọ ìwé yìí sí yín.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo kí ọ. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé rẹ tí mo kà lẹ́ẹ̀mẹta: o ní o jókòó sínú ọkọ̀ títí ìpàdé fi parí. Ẹni tí kò fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí kò ní jókòó fún odindi wákàtí kan kó máa wo ẹnu ọ̀nà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó fún un láti yí ọkọ̀ padà. Ìwọ dúró. O rí wọn nígbà tí wọ́n ń jáde, bóyá o tiẹ̀ gbọ́ ẹ̀rín wọn. Ohun tó gbé ọ débẹ̀, tó sì dá ọ dúró síbẹ̀, òun nìkan ni ẹgbẹ́ yẹn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ọdún 19 ni mo ti fi ń ṣe nọ́ọ̀sì fún àwọn tí ọtí ti di bárakú fún. Mi ò tíì rí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Kí n tó sọ̀rọ̀ ìpàdé, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó lè pa èèyàn. Má ṣe dá ọtí dúró lójijì torí pé o fẹ́ lọ sí ìpàdé. Ọtí máa ń mú ọpọlọ rọlẹ̀. Ọpọlọ tó ti ń gba ọtí lálaalẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án ti kọ́ bí yóò ṣe máa sá eré kún eré kó má bàa sùn lọ. Tí o bá já ọtí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ohun tó ń fà á sẹ́yìn mọ́, eré àsápajúdé ló máa sá. Láàárín wákàtí 6 sí 24 lẹ́yìn ife ìkẹyìn, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á bo ara, àyà á máa lù kìkìkì, oorun ò ní kun ojú. Àwọn kan máa ń ní gìrì láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Tó bá di ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin, orí ẹlòmíì lè dàrú: á máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, ara á gbóná, kò ní mọ ibi tó wà. Èyí ń pa èèyàn tí wọn ò bá tètè tọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ lọ́sẹ̀ yìí, kí o sì sọ iye tí ò ń mu gan-an fún un. Má dín in kù. Tí ọwọ́ rẹ bá ti gbọ̀n rí, tàbí tí gìrì bá ti mú ọ rí lọ́jọ́ tí o kò rí ọtí mu, òun ni kí o kọ́kọ́ sọ. Oògùn wà tí wọ́n máa ń fún èèyàn fún ọjọ́ díẹ̀ tó máa ń jẹ́ kí ara sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Wọ́n sábà máa ń fi fítámì B1 kún un, torí kì í pọ̀ lára ẹni tó ń mu púpọ̀, ọpọlọ ò sì lè ṣe dáadáa láìsí i. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn nìyẹn, ìpàdé ò lè bá wọn ṣe é.

Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kí o parí ìtọ́jú yẹn kí o tó wọ ìpàdé. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rò pé ó dìgbà tí wọ́n bá ti fi ọtí sílẹ̀ kí wọ́n tó yẹ lẹ́ni tó ń jókòó láàárín àwọn èèyàn yẹn, bí ẹni tó ń dúró kí ara òun yá kóun tó lọ sí ilé ìwòsàn. O lè máa mutí lọ́wọ́ kí o sì lọ. Tí ó bá jẹ́ pé o ti mu lọ́jọ́ náà, ohun tí wọ́n sábà máa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí o jókòó kí o gbọ́, kí o fi ọ̀rọ̀ sísọ di ọjọ́ mìíràn. Ohun kan ni mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́: lọ́jọ́ tí o bá ti mu, má wakọ̀ lọ. O sọ fún mi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni o wà nínú ọkọ̀, o kò sọ bóyá o ti mu. Tí ó bá jẹ́ pé o ti mu, jẹ́ kí ẹlòmíì gbé ọ lọ, tàbí kí o jókòó sílé kí o wọ ìpàdé orí fóònù. Ó wà, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

O bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún ọ, torí inú ìtàn náà ni ìdáhùn wà.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 1935, ọkùnrin oníṣòwò kan láti New York tó ń jẹ́ Bill Wilson lọ sí ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà. Òwò tó bá lọ dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́. Oṣù márùn-ún ni kò tíì fẹnu kan ọtí. Ó dúró sí ìsàlẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì tó dé sí, kò sí ojúlùmọ̀ kankan fún un nílùú yẹn, ó sì ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń gbádùn ara wọn níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí. Fóònù wà nítòsí, orúkọ àwọn ìjọ tó wà nílùú sì wà níbẹ̀. Ìdí fóònù ló lọ. Ó ń wá ẹni tó máa júwe ọ̀mùtí kan fún òun, kí òun lè bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀. Láti orí ẹnì kan dé orí ẹnì kejì, ó dé ọ̀dọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Henrietta Seiberling, obìnrin náà ló mú un pàdé Dókítà Bob Smith, oníṣẹ́ abẹ tí ọtí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́. Smith ní ìṣẹ́jú 15 péré lòun máa fi gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n lò ju wákàtí mẹ́fà lọ.

Wo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe. Òun ni ongbẹ ọtí ń gbẹ, òun ló ń wá ọ̀mùtí tóun máa ràn lọ́wọ́, torí ó ti rí i pé ìgbà tóun bá ń bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lòun kì í mu. Ní ti Smith, ìmọ̀ràn ti sú u, ó ti gbọ́ ti ilé, ó ti gbọ́ ti àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀, kò tíì rí ẹni tó máa sọ ọ̀rọ̀ ọtí fún un láti inú kòtò tí òun fúnra rẹ̀ wà. Ẹgbẹ́ tó ti inú ìjókòó yẹn jáde ni wọ́n ń pè ní Alcoholics Anonymous, AA, ìyẹn àwọn ọ̀mùtí tí kì í dárúkọ ara wọn fáyé gbọ́. Ìwé ńlá wọn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1939 àti ìgbésẹ̀ méjìlá tó wà nínú rẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń tẹ̀ lé láti jáwọ́ nínú ọtí, ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo ìyẹn dé. Ọ̀mùtí méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ló ṣáájú.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tí mo ń tọ́jú pé kí wọ́n wọ ìpàdé bí ẹni tó ń wá èèyàn kan ṣoṣo: ẹni tí wọ́n lè pè ní alẹ́ ọjọ́ tí ìgò bá ń fà wọ́n. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ lè dùn, ó lè má dùn. Tí o bá jáde pẹ̀lú nọ́ńbà ẹnì kan nínú fóònù rẹ, o ti rí ohun tí o wá.

Ìpàdé oríṣi méjì ló wà ní AA. Àwọn kan wà fún kìkì àwọn tó ń fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí. Àwọn kan ṣí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: ìyàwó, ọ̀rẹ́, akẹ́kọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì bíi tèmi. Nínú èyí tó ṣí sílẹ̀ ni mo ti jókòó, ohun tí mo rí níbẹ̀ lọ́jọ́ kan ò kúrò lọ́kàn mi. Bàbá kan ló ń bu tíì. Ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé, ó hàn pé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. Bàbá náà bu tíì fún un, ṣùgbọ́n ààbọ̀ ife ló bù, bẹ́ẹ̀ ló ń bu kún ife àwọn yòókù dé ẹnu. Ọ̀dọ́kùnrin náà mú ọwọ́ jáde nínú àpò láti gbà á, ọwọ́ yẹn ń gbọ̀n bí ewé. Tí ife bá kún ni, ì bá dà sí i lára. Ó wo ife, ó wo ojú bàbá. Bàbá na ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ síwájú rẹ̀, ó gbé e sókè, kò mì. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ṣe mí. Ọdún kẹtàlá rèé." Ó bá yíjú sí ẹni tó kàn. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn, kò sí ẹni tó kọ́ mi ní ààbọ̀ ife.

Bí ìpàdé ṣe máa ń lọ kò le. Wákàtí kan ni, tàbí kó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lé e. Ẹni tó ń darí á ka ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ kúkúrú, á béèrè bóyá ẹni tuntun wà tó fẹ́ sọ orúkọ tí wọ́n á máa pè é. Nígbà míì ẹnì kan ló máa sọ ìtàn tirẹ̀: bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe wà báyìí. Nígbà míì ojú ìwé kan ni wọ́n á kà, tí wọ́n á sì máa sọ ohun tó kàn wọ́n nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa ń ya àwọn ẹni tuntun lẹ́nu ni pé wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Tí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á ní ẹ ṣeun, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Kò sí ẹni tó ń sọ pé "ohun tó yẹ kí o ṣe ni." Ẹni tó ti gbọ́ "ohun tó yẹ kí o ṣe ni" nílé àti níbi iṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án á mọ irú ìsinmi tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n lè gbé apẹ̀rẹ̀ yí ká fún owó àga àti tíì. Ẹgbẹ́ náà kì í gba owó lọ́wọ́ ará ìta, kò sì sí owó ìwọlé, ẹni tuntun lè jẹ́ kí apẹ̀rẹ̀ kọjá. Níparí, wọ́n lè fún àwọn tó ti pé oṣù kan tàbí ọdún kan láìmu ọtí ní owó onírin kékeré tí kò ṣeé ná. Ẹni tó wá fún wákàtí 24 àkọ́kọ́ náà ní tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Tí wọ́n bá fún ọ, gbà á. Mo mọ àwọn tó ń gbé e sínú àpò níbi tí owó ọtí máa ń wà tẹ́lẹ̀.

Ṣé wọ́n á ní kí o dìde kí o sọ̀rọ̀? Rárá o. Tó bá kàn ọ́, sọ pé, "Mo wá gbọ́ ni lónìí." Wọ́n á ní ẹ ṣeun, wọ́n á sì kọjá lọ. O lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kò sí ẹni tó máa fìyẹn bú ọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni o kò ní láti pe ara rẹ ní ọ̀mùtí. Àwọn tó ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ ń ṣe é torí ó ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ náà fi ṣe òdiwọ̀n ẹni tó lè wọlé ni pé ó wù ú láti jáwọ́ nínú ọtí mímu, ẹnu ara rẹ sì ni yóò ti jáde. Kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ìwé ìforúkọsílẹ̀.

Ní ti ẹni tó mọ̀ ọ́, ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe kékeré, mi ò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Tí o bá bá ojúlùmọ̀ níbẹ̀, bí ó ṣe rí ọ ni ìwọ náà rí i. Ohun tó gbé ọ wá ló gbé òun náà wá. Wọ́n máa ń rán ara wọn létí pé ohun tí a rí àti ohun tí a gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ni ká fi sí, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ sì máa ń pa á mọ́ gan-an torí àṣírí tiwọn náà wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, àdéhùn láàárín èèyàn ni, kò rí bíi ti dókítà tí òfin de ẹnu rẹ̀. Ohun tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹjọ́, tàbí ohun tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, má sọ ọ́ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Sọ ọ́ fún dókítà tàbí agbẹjọ́rò. Ọtí ni kí o bá wọn sọ. Tí ẹ̀rù ojúlùmọ̀ bá ṣì ń bà ọ́ jù, lọ sí ìpàdé tó wà ní àdúgbò mìíràn fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Báyìí, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń rí èyí tó dáa. AA ló tàn kálẹ̀ jù. Wọ́n ní áàpù kan tó ń jẹ́ Meeting Guide tó ń fi ìpàdé tó sún mọ́ ọ hàn pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, wọ́n sì ní nọ́ńbà tí èèyàn lè pè ní ọ̀pọ̀ ibi. Ìpàdé orí fóònù àti kọ̀ǹpútà wà tọ̀sán-tòru, o lè pa kámẹ́rà rẹ kí o máa gbọ́. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí kò sí ẹgbẹ́ nítòsí, tàbí tó jẹ́ pé agogo méjì òru ni ongbẹ máa ń gbẹ ẹ́, ohun ìyanu ni. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan tí o bá lágbára láti dé yàrá gidi. Orí fóònù, bọ́tìnnì kan ni èèyàn ń tẹ̀ tó fi ń jáde. Kò sí ẹni tó máa rí ọwọ́ rẹ tó ń gbọ̀n.

AA máa ń sọ̀rọ̀ Ọlọ́run, tàbí agbára kan tó ju tiwa lọ gẹ́gẹ́ bí oníkálukú bá ṣe mọ̀ ọ́n, wọ́n sì sábà máa ń fi àdúrà parí. Ẹ̀sìn kankan ò ni wọ́n, mo sì ti rí ẹlẹ́sìn oríṣiríṣi níbẹ̀, àti ẹni tí kò ní ẹ̀sìn rárá. Tí ìyẹn ò bá bá ọ lára mu, ọ̀nà mìíràn wà. SMART Recovery, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994, kì í lo ìgbésẹ̀ méjìlá. Ìrònú ni wọ́n máa ń bá èèyàn tú: kí ló ṣáájú ife, kí ni ọkàn rẹ sọ fún ọ, kí lo lè ṣe ní ìṣẹ́jú yẹn. Ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀ ló máa ń darí ìpàdé, wọ́n sì máa ń fọ̀rọ̀ wérọ̀, kò dà bíi ti AA tí wọn kì í dá sí ọ̀rọ̀ ara wọn. Women for Sobriety wà fún àwọn obìnrin nìkan. LifeRing náà wà, tí kì í fi ẹ̀sìn sí i. Lójú tèmi, èyí tí wàá padà sí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ló dáa jù nínú wọn, mi ò ní bá ọ jiyàn lórí ìyókù.

Pe wọ́n kí o tó lọ, ibi yìí sì ni mo ti jẹ̀bi rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo kọ àdírẹ́ẹ̀sì ìpàdé kan sórí ìwé pélébé, mo fún ọkùnrin kan tó fẹ́ kúrò ní wọ́ọ̀dù wa. Àdírẹ́ẹ̀sì náà ti di àtijọ́, ẹgbẹ́ ti kó kúrò níbẹ̀, mi ò wádìí. Ọkùnrin yẹn fi gbogbo agbára tó kù fún un dé ibẹ̀, ó bá kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ọdún méjì ni kò fi wá ẹgbẹ́ mìíràn. Nígbà tó padà wá sọ́dọ̀ wa, ó ní ṣe ló dà bíi pé ilẹ̀kùn yẹn dáhùn ìbéèrè òun. Láti ọjọ́ yẹn, èmi fúnra mi ni mo ń pe nọ́ńbà náà pẹ̀lú aláìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tí mo sì ń béèrè bóyá ẹnì kan lè mú un wọlé.

Nígbà tó yá ni mo rí i pé ìwádìí gbè mí lẹ́yìn. Ní 2020, àwọn oníwádìí Cochrane, ẹgbẹ́ kan tó máa ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó ìwádìí 27 pọ̀, èèyàn 10,565 ló kópa nínú wọn. Wọ́n fi ìtọ́jú tó ń mú èèyàn wọ AA létòlétò wé àwọn ìtọ́jú mìíràn tí wọ́n ti mọ̀ dáadáa. Àwọn tí wọ́n mú lọ́wọ́ dé AA ló pọ̀ jù nínú àwọn tó jáwọ́ nínú ọtí pátápátá, tí wọn ò sì padà sí i. Ṣàkíyèsí pé ìtọ́jú tí wọ́n yẹ̀ wò yìí kọjá pé kí a sọ pé "lọ" fún èèyàn. Ẹnì kan wà tó ń bá wọn rìn wọlé.

Báwo ni o ṣe máa mọ èyí tí kò dáa? Tí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé kí o da oògùn tí dókítà fún ọ nù, má gbọ́ tirẹ̀. AA fúnra wọn ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má sọ ara rẹ̀ di dókítà. Oògùn wà tó ń dín ìfẹ́ ọtí kù, naltrexone jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kò sì sí ìjà láàárín òun àti ìpàdé. Tí dókítà bá ní ẹ̀dọ̀ rẹ gbà á, lò ó kí o máa lọ sí ìpàdé rẹ. Tí wọ́n bá ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tuntun, tí wọ́n ń yáwó lọ́wọ́ rẹ̀, tàbí tí ọkùnrin tó ti pẹ́ níbẹ̀ ń lé àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kiri, jáde níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, má fi ọjọ́ kan ṣèdájọ́. Ìpàdé kan lè jẹ́ ti àwọn arúgbó tó ń sọ ìtàn kan náà, èyí tó wà ní òpópónà kejì kó sì kún fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Lọ sí mẹ́fà, ó kéré tán, kí o tó sọ pé kò bá ọ lára mu. Fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ti wà níbẹ̀ tipẹ́ máa ń sọ pé ìpàdé 90 ní ọjọ́ 90. Kì í ṣe òfin, kò sì rọrùn fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọtí ń pè ọ́ lójoojúmọ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ò lè bá a figagbága.

Lẹ́yìn ìpàdé, má sáré jáde. Mo mọ̀ pé ohun tí ẹsẹ̀ rẹ máa fẹ́ ṣe nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ń to àga ni ìgbà tí wọ́n máa ń pín nọ́ńbà. Bá wọn to àga, ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ kì í jẹ́ kí ojú ti èèyàn jù. Béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọ̀ ọ́ lára. Mo ní ọkùnrin, torí pé nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí, ọkùnrin fún ọkùnrin, obìnrin fún obìnrin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, kí ọ̀rọ̀ mìíràn má bàa dà pọ̀ mọ́ ti ọtí. Pè é ní ọjọ́ kejì nígbà tí kò sí wàhálà kankan, kí o kàn kí i. Ẹni tí kò bá tíì pe nọ́ńbà kan rí lọ́sàn-án tí ara tù ú kì í lè pè é lóru tí iná ń jó. Tó bá yá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè di sponsor rẹ, ìyẹn ẹni tó ti rin ọ̀nà náà ṣáájú tó ń mú ọ rìn ín. Má kánjú lórí ìyẹn. Kí ó ti kọjá ọdún kan tí kò mutí, kí o sì rí i pé ó ń gbé bí èèyàn tí o lè fẹ́ jọ.

Tí o bá ṣubú lẹ́yìn tí o ti bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Dókítà Bob tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ṣubú. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà yẹn, ó tún lọ mutí, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹfà ọdún 1935 ló mu èyí tó kẹ́yìn. Ọjọ́ yẹn ni AA ń kà sí ọjọ́ ìbí ẹgbẹ́ wọn. Títí tó fi kú ní 1950, kò tọ́ ọ wò mọ́. Tí o bá ṣubú, ìpàdé tó kàn ni kí o lọ, ì báà jẹ́ ọ̀la. Ojú máa tì ọ́. Lọ bẹ́ẹ̀. Ìdajì àwọn tó jókòó níbẹ̀ ti wọlé pẹ̀lú irú ojú yẹn rí. Tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni o fi mu, dókítà ni kí o kọ́kọ́ rí kí o tó tún dá a dúró, nítorí ohun tí mo ti sọ nípa gìrì.

Ó ku ti ìyàwó rẹ. Mo fura pé ó mọ̀ ju bí o ṣe rò lọ. Ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn fún ọdún mẹ́sàn-án ń gbọ́ ìró ìgò. Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o sọ fún un lónìí, ìwọ lo mọ ilé rẹ. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́, òun náà sì ní ohun tó ń bá a jà tí ìpàdé rẹ ò lè yanjú. Al-Anon wà fún irú wọn: ẹgbẹ́ àwọn ẹbí ọ̀mùtí, tí Lois, ìyàwó Bill Wilson, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní 1951. Ó lè lọ, bí ìwọ lọ, bí ìwọ ò lọ. Tí ẹ bá ní ọmọ tó ti ń bàlágà, Alateen wà fún wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe rèé. Lónìí, pe nọ́ńbà ẹgbẹ́ tí o ti dé ẹnu ọ̀nà wọn yẹn. Sọ pé, "Mo ti wá lẹ́ẹ̀mejì, mi ò lè wọlé. Ṣé ẹnì kan lè dúró dè mí níta?" Wọn ò ní bi ọ́ léèrè ìdí, wọ́n mọ̀ ọ́n. Sọ àwọ̀ ọkọ̀ rẹ fún wọn. Lọ́jọ́ náà, tí o kò bá mu, wakọ̀ débẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 ṣáájú, kí o páàkì síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tí o bá rí ẹnì kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, tó kan gíláàsì rẹ, yí i sílẹ̀.